Ìgò Ló Fẹ́

Iṣẹ́ tí Onígò ń ṣe ò pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà kan, àwọn mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ ọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀kan kú, ọ̀kan lọ ń ta fèrèsé, ó wá ku òun nìkan. Á tan iná gáàsì, á ki túùbù gíláàsì bọ̀ ọ́, á máa fi ọwọ́ méjèèjì yí i, á sì máa fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí á fi di ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò: ìgò ọlọ́rùn gígùn, túùbù tó wà nínú túùbù, ohun èlò tí wọ́n fi ń sẹ́ omi títí tí á fi mọ́ gaara. Yàrá kan lẹ́yìn ilé kẹ́místrì ní yunifásítì ló ti ń ṣe é, fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fọ́ nǹkan lówùúrọ̀ á gbé e wá bá a tòun ti ojú ẹ̀bẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, nǹkan ọ̀hún á ti padà sípò bí ẹni pé kò fọ́ rí.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí lọkọ rẹ̀ ń ṣe, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ìgò ló fẹ́. Orogún ìgò lèmi." Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, á ní, "Ẹ̀ ń rín in! Ẹ̀yin ẹ wá wo bó ṣe ń fẹnu kò ó." Ọdún kẹta rèé tí obìnrin náà ti lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ọkọ ní ìlú míì. Ọmọ ọ̀hún jọ ìyá Onígò bí ìmumu, ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní "Ìyá mi" láti kékeré.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ilé kẹ́místrì ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá Onígò, ẹ jókòó. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kan jọ tọwọ́ bọ̀wé, tiwa wà níbẹ̀. Kò sí olówó láàárín wọn. Wọ́n ní kí á yéé káwọ́ gbera máa wojú àwọn ìlú ńlá. Kí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ iná oòrùn tún ṣe náà kọ́ ẹlòmíì. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè. Wọ́n wá bi wá pé kí làwa ní. Mo ní a ní yín."

Orí Onígò wú díẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó gbàgbé ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ́ ẹnì kankan níbí. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi ní èèyàn méjì péré."

"Ẹ lọ ná. Tẹ́ ẹ bá dé, a máa wò ó."

"Ọdún mélòó ni, sà?"

"Méjì. Kí ni ọdún méjì, Bàbá? Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́."

Onígò tilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún akọ̀wé, ó sì lọ.

Ibi tí wọ́n mú un lọ, ní ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ náà, ò burú. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún gbòòrò, gáàsì ń wá déédéé, ààrò tí wọ́n máa ń kó ìgò sí kó lè tutù díẹ̀díẹ̀ tún dára ju tilé lọ. Wọ́n fún un ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti ògbifọ̀ kan. Ògbifọ̀ yìí ti gbé ìlú Onígò fún ọdún mẹ́rin rí, ó gbọ́ èdè dáadáa, ó sì lẹ́nu. Tí Onígò bá sọ gbólóhùn kan, òun á sọ mẹ́ta. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bú sẹ́rìn-ín, Onígò á bi í pé, "Kí lo fi kún un?" Á ní, "Iyọ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín ló tẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni àwọn oníṣẹ́ àjẹsára dé láti orílẹ̀-èdè míì, ìjọba sì ní kí ògbifọ̀ máa bá wọn lọ. Ó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ Onígò lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ máa fọwọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣáà ni." Àtọjọ́ náà ni Onígò ò ti rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹni tí kò bá rí irú ẹ̀ rí ò lè mọ̀ ọ́n. Ìrìn àjò tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹni níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù. Wọ́n ń kí i, ó ń mirí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń rẹ́rìn-ín padà. Tó bá wá wọ yàrá rẹ̀ ní àjà kejì, ẹnu á máa ro ó bí ẹsẹ̀ tí èèyàn ká jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Yàrá ọ̀hún ní bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àga kan ṣoṣo. Àga kan yẹn máa ń dùn ún, torí ṣe ló dà bíi pé ẹni tó kó wọn síbẹ̀ ti mọ̀ pé àlejò ò ní í wá. Ó ní páálí ọṣẹ kan tó gbé wá láti ilé. Ọṣẹ ti tán, kò ju páálí nù. Lọ́jọ́ tọ́rọ̀ náà bá ti wọ̀ ọ́ lára, á mú un, á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè ketekete: "Ẹ má ṣe jẹ́ kó dé inú ojú. Ẹ gbé e kúrò ní àrọ́wọ́tó àwọn ọmọdé." Kó ṣáà lè gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ létí ni.

Fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn ilé kan. Ní gbogbo Sátidé, obìnrin kan máa ń sá aṣọ níbẹ̀. Onígò mọ aṣọ ìdílé náà bí ẹni mowó: ṣòkòtò gígùn méjì tí wọ́n lẹ orúnkún rẹ̀, aṣọ ilé ìwé mẹ́ta tó ga jura wọn lọ, búláòsì aláwọ̀ ewé kan tí kò kúrò lára okùn láé. Nígbà tó di oṣù keje, aṣọ ilé ìwé tó tóbi jù kò hàn mọ́, ó wá ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ọmọ yẹn ti jáde ìwé ni àbí nǹkan míì ló ṣe é. Ó ro ó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbóyà, ó juwọ́ sí obìnrin náà láti ojú fèrèsé. Obìnrin náà wo òkè, ó kó aṣọ tútù rẹ̀ lórí okùn, ó wọlé, ó tìlẹ̀kùn. Onígò rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Àgbàlagbà, o ò nítìjú." Kò sún mọ́ fèrèsé mọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Tó bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ni ọmọ máa kọ́kọ́ bi í.

"Bàbá mi, ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá mi."

"Ta lẹ̀ ń bá ṣeré?"

"Àwọn èèyàn pọ̀ níbí," ni Onígò máa ń wí. Irọ́ ò sí níbẹ̀, èèyàn pọ̀ lóòótọ́.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mẹ́fà di mẹ́ta kí ọdún kan tó pé. Ìwé ẹ̀rí ni méjì bá wá, wọ́n gbọ́ pé ọdún méjì ló máa gbà, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gíláàsì ya ọ̀kan lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sílé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn mẹ́ta tó kù ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn le. Gíláàsì tó bá yọ́ tán ò gba agídí. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá fi díẹ̀ yára ju ọwọ́ òsì lọ, ó ti lọ́ nìyẹn.

Obìnrin kan wà tó máa ń wá gbá yàrá náà. Ogójì ọdún á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé e. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń fọ ìgò ní láàbù ilé ẹ̀kọ́ yẹn, kò sí nínú àwọn mẹ́fà tí wọ́n kọ orúkọ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wọn lọ jẹun, Onígò padà wá mú awò rẹ̀, ó bá obìnrin náà nídìí iná, ó mú àfọ́kù túùbù kan dání, ó ń yí i. Ìyípo yẹn dọ́gba. Ó dọ́gba débi pé Onígò dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò fẹ́ já a láyà. Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó ju túùbù sílẹ̀, ó gbá ìgbálẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Onígò fà á lọ́wọ́ padà sórí àga.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọwọ́ òsì ni obìnrin yìí ń lò. Ohun tí Onígò ń fọwọ́ ọ̀tún ṣe, òdì-kejì ni lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Onígò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi hàn án, ṣe ni gbogbo rẹ̀ ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà á. Lọ́jọ́ kẹrin ni Onígò gbé àga rẹ̀ yí ká, ó jókòó kọjú sí i, iná wà láàárín wọn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá dojú kọ ọwọ́ òsì obìnrin náà, bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí. Ó gbé ọwọ́, obìnrin náà gbé ọwọ́. Ó yí i, òun náà yí i. Láti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́wọ́-Òsì ló ń pè é, obìnrin náà sì ń dáhùn. "Bàbá" tó gbọ́ lẹ́nu ògbifọ̀ lòun ń pe Onígò.

Alákòóso ilé ẹ̀kọ́ náà ò fẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n pe ògbifọ̀ wá fún wákàtí kan, ó sì gbẹnu rẹ̀ sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà fún àwọn tó kàwé.

"Sọ fún un," ni Onígò wí, "pé ìgò ò mọ ẹni tó kàwé."

Ògbifọ̀ sọ ọ́. Alákòóso ní kí obìnrin náà máa jókòó níbẹ̀ ná. Onígò fojú bi ògbifọ̀ bóyá ó tún fi nǹkan kún un. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Èyí níyọ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní èdè tiwọn. Ọlọ́wọ́-Òsì kọ́ "yí i", ó kọ́ "díẹ̀díẹ̀", ó kọ́ "ó tó". Onígò náà kọ́ ọ̀rọ̀ iná, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ẹ kú àárọ̀ àti ọ̀rọ̀ ó dàbọ̀. Bí ìgò bá là sí méjì lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti rò pé ó ti dára, àwọn méjèèjì á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmí ẹ̀dùn ò lédè.

Ní oṣù kẹrìndínlógún, ohun èlò tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ní láàbù ńlá fọ́. Omi tí kò bá sì gba inú rẹ̀ kọjá, wọn ò lè fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò lè fi yẹ omi kànga wò. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń rà á, oṣù mẹ́rin ló sì máa ń gbà kó tó dé. Onígò gbé àfọ́kù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tò ó bí egungun ẹja, ó wo Ọlọ́wọ́-Òsì, ó sì ká apá rẹ̀ mọ́yà. Kò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́fà lobìnrin náà fi ṣe é. Àkọ́kọ́ là, ìkejì wọ́, ìkẹta jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí láàbù, tí omi àkọ́kọ́ kán tó! sínú ìgò, àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọlọ́wọ́-Òsì ò wo ẹnì kankan. Ìdí ìgò yẹn ló ń wò.

Inú Onígò dùn jọjọ. Ó yára dé yàrá rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. Ọkọ ọmọ ló gbé e.

"Ẹ kú oríire, Bàbá! Wọ́n ti sọ̀ o. Láàárọ̀ yìí ni. Obìnrin ni. Tìyá tọmọ wà láàyè."

Kó tó fèsì, fóònù já. Ó pè é, pè é, kò wọlé. Ó dúró sáàárín yàrá pẹ̀lú oríire méjì lọ́wọ́, kò rẹ́ni gbé ọ̀kan fún. Nígbà tó yá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta. Ó ra ọ̀kan, ó gbà á tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lọ. Ó sọ ọ́ jáde ní èdè ilé: "Mo ti di bàbá àgbà lónìí." Ọkùnrin náà wò ó. Ó tún un sọ, ó gbé búrẹ́dì yẹn sókè díẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Ni ọkùnrin náà bá ṣojú bí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ó gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi òmíràn tó rọ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.

Onígò dúpẹ́, ó lọ sílé, ó jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe fún Ọlọ́wọ́-Òsì: ọmọ òun, ikùn, ọmọ jòjòló. Ọlọ́wọ́-Òsì gbọ́ ọ láìpẹ́. Ó pa iná gáàsì. Ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó fa ìlà mẹ́ta sórí tábìlì, ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu èyí tó gùn jù nù. Wọn ò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù dé, àwọn méjèèjì ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ìlà méjì.

Ọdún méjì pé. Wọ́n fún Onígò ní ìwé ìdúpẹ́ tí wọ́n fi férémù sí, ó sì padà sílé.

Ilé ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń rá kòrò. Ó wo Onígò látòkè délẹ̀, ó figbe bọnu, ó sá wọ abẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá mi. Ó máa mọ̀ yín," lọmọ rẹ̀ wí.

"Kò burú, Ìyá mi. Ojú àlejò ló fi rí mi."

Ní yunifásítì, ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ti di tuntun. Ó yọjú wọlé, kọ̀ǹpútà ló kún ibẹ̀, wọ́n ti gé páìpù gáàsì mọ́lẹ̀, wọ́n kun ojú ibẹ̀ lọ́dà. Ọ̀gá àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan tó kéré sí ọjọ́ orí ọmọ Onígò díẹ̀ ló wà lórí àga. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé.

"Ẹ máà bínú, Bàbá. Wọ́n ní rírà yá ju títún ṣe lọ, wọ́n sì ti gba ibẹ̀ kí n tó dé. Ẹ bá wa máa mójú tó ilé ìkẹ́rùsí. Ọdún mélòó ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì?"

"Ọdún méjì."

"Ẹ rí i? Kò ní pẹ́."

Ilé ìkẹ́rùsí ni Onígò wà. Ìgò tuntun ló ń há fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó bá fọ́, wọn ò gbé e wá bá a mọ́, inú dírọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń jù ú sí. Tó bá ń gbọ́ ìró rẹ̀, á ti mọ irú èyí tó jẹ́ kó tó yọjú.

Ó tó oṣù mẹ́wàá kí ọ̀gá tuntun tó tún pè é. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ mọ̀ nípa ìgò. Orílẹ̀-èdè kan ní àwọn ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìgò fífẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo àwa mẹ́jọ tó wà nínú àdéhùn. Wọ́n láwọn ní olùkọ́ kan tó múná dóko. Wọ́n ní kí àwa náà mú ẹni méjì wá fún oṣù mẹ́sàn-án. Kí lẹ rò pé ó yẹ káwọn ọmọ náà mọ̀ kí wọ́n tó lọ?"

Onígò na ọwọ́ gba ìwé náà. Ó rí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ó rí orúkọ olùkọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó ń rín in, ó ń rín in, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀gá.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Èmi ni mo kọ́ olùkọ́ yẹn, ọmọ mi."

Ọ̀gá kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wá ṣí fáìlì kan, ó ṣí òmíràn. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Onígò rìnrìn àjò kankan. Ojú tì í gan-an. Ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Dìde. Ta ló fẹ́ sọ fún ọ? Mo lè kọ́ wọn níbí o."

"Gáàsì dà, Bàbá? Ibo la ó fi wọ́n sí? Tí wọ́n bá kọ́ ọ dé, mo ṣèlérí, mo máa fi ìyẹn jà gba yàrá. Ṣùgbọ́n ní báyìí, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́."

Onígò mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó ní kó máa rán àwọn ọmọ náà sí òun lọ́sàn-án.

Ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń wá sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n á jókòó sórí páálí, Onígò á máa kọ́ wọn ní èdè ibẹ̀: iná, omi, ẹ kú àárọ̀, ó dàbọ̀, mo ti fọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́. Ó kọ́ wọn ní orúkọ ìkóríta. Ó ní kí wọ́n máa kí ọlọ́búrẹ́dì. Ó ní tí yàrá wọn bá ní àga kan ṣoṣo, kí wọ́n lọ tọrọ ìkejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ìlú yẹn, kò rẹ́ni bá sọ èdè tirẹ̀. Níbí, àwọn ọmọ méjì yìí nìkan ló lè bá sọ tọ̀hún. Nígbà tí wọ́n lọ, páálí méjì tí wọ́n máa ń jókòó lé dẹ̀ sílẹ̀ láàárín, Onígò ò sì tètè kó wọn kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni fóònù dún. Ọlọ́wọ́-Òsì ni. Ó da èdè méjèèjì pọ̀.

"Bàbá! Àwọn ọmọ yín dé."

"Wọn kì í ṣọmọ mi."

"Ọmọ yín ni! Wọ́n lanu, wọ́n kí mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ò dáa! Gbogbo yàrá ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n tún un sọ." Ó tún un wí: "Mo ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Bàbá."

Onígò bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní àlàáfíà ni. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ mọ̀ tán, àwọn méjèèjì ń gbọ́ èémí ara wọn lórí fóònù. Obìnrin náà ní iná wà ní títàn, ó dàbọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó ròyìn fún ọmọ rẹ̀. Ìyẹn rẹ́rìn-ín títí.

"Ṣé inú yín dùn, Bàbá mi?"

"Inú mi dùn, Ìyá mi. Inú mi dùn gan-an."

"Ohùn yín ò jọ ọ́. Ẹ wá lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ yìí ti ń tọ ẹni tí kò mọ̀ lọ báyìí, kì í sunkún mọ́."

"Màá wá," ni Onígò wí. Ó gbé omi kaná, ó lọ ti fèrèsé, torí òjò ti ṣú.